Ilé-Ẹ̀kọ́ Àdúgbò Kì í Ṣe Ti Ọmọdé Nìkan

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá olùkàwé wa sọ ní ọdún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ó jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti gbàgbé. Òun ni pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní àdúgbò kan, ti gbogbo àdúgbò náà ni. Àti pé ẹ̀kọ́ kì í parí ní ọjọ́ tí ọmọ bọ́ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Àwọn baba wa mọ èyí kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí ó bá ń gba ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹlòmíràn títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, òun ni àgbà tòótọ́.

Bí ènìyàn bá rìn ní Yábàá, ní Sùúrùlérè tàbí ní Múṣin ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, yóò rí ohun kan tí ó yẹ kí ó mú un ronú. Géètì ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti wà ní títì. Bẹ́ńṣì wà nínú wọn, pátákó ìkọ̀wé sì wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bí kò ṣe ọdẹ tí ń ṣọ́ ọgbà. Ní òdìkejì òpópó, ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tí kò lè ka orúkọ tí a kọ sára páálí ohun èlò tí ọ̀gá rẹ̀ rán an láti rà. Ìyá kan sì wà nídìí àtẹ rẹ̀, tí ó ń fi ẹfun fa ìlà sára ògiri kí ó má bàa gbàgbé gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀. Ilé wà, akẹ́kọ̀ọ́ sì wà. Òpópó kan ṣoṣo ni ó pín wọn níyà.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÀÌMỌ̀WÉ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí ọ̀ṣọ́ ni a fi ń wá ìwé. Àìmọ̀wé a máa pa ènìyàn lára ní ọ̀nà mẹ́ta tí a ń rí lójoojúmọ́.

Èkíní, nínú ọ̀ràn ìlera. A kọ iye oògùn tí ó yẹ fún ọmọ ọdún 1 àti èyí tí ó yẹ fún ọmọ ọdún 6 sára ìgò, a sì kọ ọjọ́ tí agbára oògùn náà yóò tán. Ìyá tí kò lè kà á ń fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ sí ọwọ́ ìrántí ara rẹ̀ tàbí sí ọwọ́ ẹni tí ó ń ta oògùn, bí ó ti wù kí onítọ̀hún mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó.

Èkejì, nínú ọ̀ràn ohun ìní. Ẹni tí ó tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé owó-yíyá tí kò lè kà, ó ti fọwọ́ sí ohun tí ẹlòmíràn sọ fún un pé ó wà níbẹ̀. Ní ayé ìsinsìnyí, owó ń gba inú tẹlifóònù alágbèéká kọjá. Àgbàlagbà tí kò lè ka iṣẹ́ tí báńkì rán sí i yóò na ẹ̀rọ náà sí àjèjì, yóò sì sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún un. A kò níláti sọ ohun tí ń tẹ̀lé e.

Ẹ̀kẹta, nínú ọ̀ràn ọmọ. Òbí tí kò lè ka ìwé àbájáde ìdánwò ọmọ rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ọmọ náà ń tẹ̀síwájú tàbí ó ń tan òun jẹ. A sì mọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

BÍ Ó TI RÍ NÍ ÌBẸ̀RẸ̀

Nígbà tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843, àti nígbà tí àwọn ìjọ mìíràn tẹ̀lé wọn, wọn kò pààlà láàrin ọmọdé àti àgbà bí a ti ń ṣe lónìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, bàbá àti ọmọ a máa jókòó sórí bẹ́ńṣì, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé A B D rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ń múra fún ìtẹ̀bọmi a máa kọ́ ìwé kíkà pẹ̀lú, nítorí a fẹ́ kí ó lè wo Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ète rẹ̀ ni kí ìwé kíkà lè di àṣà láàrin àwọn ènìyàn. Kì bá tí tẹ ìwé ìròyìn fún àwọn ọmọ kéékèèké. Àwọn àgbà tí wọ́n ti kọ́ ìwé ni ó ń wò.

Ẹ rántí ìwẹ̀fà ará Etiópíà nì, ọlọ́lá ènìyàn tí ń ṣọ́ ìṣúra ọbabìnrin rẹ̀. Ó ń ka ìwé nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò sì tijú láti gba ẹlẹ́sẹ̀ kan sókè kí ó wá túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè béèrè, ta ni yóò sọ pé òun ti dàgbà jù?

Kì í ṣe àwọn Kristẹni nìkan ni ó fi ọwọ́ ara wọn gbé ẹ̀kọ́ ró. Àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, wọ́n dá owó jọ láàrin ara wọn, wọ́n sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé òkúta kan wá sí ìpìlẹ̀ mọ̀ pé òun ní ìpín nínú ilé náà.

BÍ Ẹ̀KỌ́ TI GBILẸ̀ NÍ ÌHÀ IBÍ

Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Yábàá sì wà lára àwọn ibi tí a là sí òpópó tí a sì pín sí ojúlé. Láìpẹ́ ó di ìlú ilé-ẹ̀kọ́. Ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀ dá Igbobi College sílẹ̀ ní 1932. A ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yaba Higher College ní gbangba ní 1934. Ní 1947 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí à ń pè ní Yaba College of Technology lónìí. Ní 1962 sì ni Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó wà ní Akọka.

Ní ti àwọn ọmọdé, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ìgbà náà Múṣin wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, ṣùgbọ́n Yábàá wà lábẹ́ ìlú Èkó tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, ibẹ̀ kò sì rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ títí di 1957. Báyìí ni ó fi ṣe pé ààlà ìjọba kan ṣoṣo mú kí ọmọ Múṣin ṣáájú ọmọ Yábàá ní ọdún 2. Ní 1967 ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ tí gbogbo wọn fi di ọ̀kan.

A dúpẹ́ fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kí a ronú sí àwọn tí ilẹ̀kùn náà ṣí lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti kọjá. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ní 1955, tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí tí ó ti ń kiri ọjà, kò sí ẹni tí ó pè é padà. Láti ìgbà náà wá, nínú ìran kọ̀ọ̀kan, a ti ń rí àwọn tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà: ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú, ọmọbìnrin tí a mú kúrò kí ó lè wá tọ́ àbúrò rẹ̀, àti ẹni tí ó ti ìlú òkèèrè wá sí Èkó láti wá oúnjẹ òòjọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a fiyè sí. Títí di ìgbà Gómìnà Lateef Jákàńdè, tí ó wà lórí oyè láti 1979 di 1983, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ ju yàrá lọ ní Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pín wọn sí ọ̀nà 2, apá kan ní òwúrọ̀, apá kejì ní ọ̀sán. Gómìnà náà kọ́ ọ̀pọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kíákíá, ó sì fi òpin sí ètò ọ̀sán. Ohun rere ni ó ṣe fún àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ètò àtijọ́ náà ti fi hàn wá pé yàrá kan lè gba akẹ́kọ̀ọ́ ìpín méjì ní ọjọ́ kan, kí ògiri rẹ̀ má sì wó. Bí ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ bá ti ṣófo, èé ṣe tí àwọn àgbà kò fi ní gba àyè náà?

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn wa. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn tí a ṣe ní Nàìjíríà ní 2004 ka ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àgbà mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kò fi mọ sọ́dọ̀ ọmọdé. Ní 1990 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin tí ó dá àjọ ẹ̀kọ́ àgbà sílẹ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó náà sì ní iléeṣẹ́ tirẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Láti 2005 ni a sì ti fọwọ́ sí i pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí àwọn òbí, àwọn olùkọ́, àwọn àgbà ìlú, àwọn obìnrin àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ yóò wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ kí a ṣí géètì ní ìrọ̀lẹ́ mọ ẹnu-ọ̀nà tí yóò kàn.

OHUN TÍ ÀWỌN ILẸ̀ MÌÍRÀN ṢE

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Henry Morris, ẹni tí ó jẹ́ alábòójútó ẹ̀kọ́ ní agbègbè Cambridge, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní abúlé Sawston ní 1930. Àwọn ọmọ ni ó ni ín lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn òbí wọn a wá kàwé, wọn a kọ́ iṣẹ́-ọwọ́, wọn a sì ṣe ìpàdé níbẹ̀. Ní ìlú Flint ní Amẹ́ríkà, láti 1935, a bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní alẹ́ fún tọmọdé tàgbà, nígbà tí ìṣẹ́ gba ilẹ̀ náà kan.

Ní erékùṣù Filipíìnì, míṣọ́nnárì kan, Frank Laubach, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará Lanao ní ìwé ní nǹkan bí 1930. Nígbà tí owó tí ó fi ń san owó olùkọ́ tán, àwọn ènìyàn náà kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú. Wọ́n fi ṣe òfin láàrin ara wọn pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti mọ̀ ọ́n kà gbọ́dọ̀ kọ́ ẹnìkan. Títí di òní, àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wé ní gbogbo ayé ju 700 mílíọ̀nù lọ, ìdí nìyí tí a fi ń ya ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, láti 1967, fún ìrántí iṣẹ́ yìí.

BÍ ÀDÚGBÒ ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀

1. Kí àwọn àgbà àdúgbò, ẹgbẹ́ àwọn onílé, ìyálọ́jà, olórí àwọn oníṣẹ́-ọwọ́, àlùfáà àti lémọ́ọ̀mù jùmọ̀ lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe lọ bí ẹni tí ó wá gba nǹkan, bí kò ṣe bí ẹni tí ó mú nǹkan wá. Kí wọ́n sọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí yóò gbá yàrá kí ilẹ̀ tó mọ́, àti ẹni tí yóò san owó bẹ́ńṣì tí ó bá kán. Ní ìgbà Nehemáyà, olúkúlùkù ni ó tún ibi tí ó kọjú sí ilé rẹ̀ ṣe lára odi. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí níhìn-ín.

2. Kí a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní wákàtí tí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Èyí tí ó bá àwọn ọlọ́jà mu lè má bá àwọn mẹkáníìkì mu. Ìrọ̀lẹ́ 2 lọ́sẹ̀, wákàtí kan ààbọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ti tó. Bí a bá ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ 40, ó di wákàtí 120, ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí kò mọ A tẹ́lẹ̀ yóò sì lè kọ orúkọ ara wọn kí wọ́n sì ka lẹ́tà kúkúrú ní èdè Yorùbá.

3. Kí a fi èdè Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń ka èdè tí ó ń sọ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ó bá ṣì í kà. Lẹ́yìn náà ni kí ó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó nílò fún orúkọ oògùn, ìwé báńkì àti rísíìtì.

4. Ní ti olùkọ́, Yábàá àti Akọka kún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àwọn tíṣà tí ó ti fẹ̀yìntì sì wà ní àdúgbò gbogbo. Kí a fún olùkọ́ ní owó ọkọ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kí a sì máa dá a lọ́lá ní gbangba. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ka ìwé kìíní tán sì máa ran ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́.

5. Kí ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọ̀gá yóò yọ̀ǹda ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ 2 lọ́sẹ̀. Ọ̀gá kò ní pàdánù. Ọmọ tí ó lè ka òṣùwọ̀n kì yóò ba aṣọ oníbàárà jẹ́.

OHUN TÍ Ó Ń PA ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ALẸ́

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti ìyìn, ṣùgbọ́n kí oṣù kẹta tó pé, ènìyàn 5 ni yóò kù. Ìtìjú ni ohun àkọ́kọ́ tí ń lé wọn. Àgbàlagbà kò fẹ́ kí a bá òun wí níṣojú àwọn tí òun bí lọ́mọ. Nítorí náà kí olùkọ́ má ṣe gbàgbé pé bàbá àti ìyá ni ó wà níwájú òun. Kí ó máa kí wọn bí ó ti yẹ, kí ó máa fi Bàbá àti Ìyá pè wọ́n, kí ó má sì mú pàṣán tàbí ẹ̀gàn wọlé.

Ohun kejì ni ẹ̀kọ́ tí kò kan ìgbésí ayé wọn. Kí a fi ìwé gbèsè kọ́ ọlọ́jà ní ìṣirò, kí a fi ìgò oògùn kọ́ ìyá ọlọ́mọ ní kíkà, kí a sì fi ìwé orin kọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ilé Ọlọ́run. Ohun kẹta ni àìrí nǹkan kà lẹ́yìn ìwé kìíní. Ìwé tí a kò lò a máa padà di àìmọ̀. Kí yàrá náà ní àpótí ìwé kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àlímánáàkì àti ìwé ìròyìn àtijọ́ ni ó wà níbẹ̀.

Ohun kẹrin ni òkùnkùn. Fìtílà tí ń fi oòrùn gba agbára kò ní èéfín, kò sì béèrè epo bẹntiróòlù. Kí a má ṣe gbé ẹ̀rọ amúnáwá sínú yàrá tàbí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láéláé, nítorí èéfín rẹ̀ a máa pa ènìyàn láìjẹ́ kí ó mọ̀.

Ọ̀RỌ̀ NÍPA OJÚ

Bí ènìyàn bá ti tó nǹkan bí ọdún 40, ohun tí ó dà bí jígí nínú ẹyinjú rẹ̀ a máa le, kò sì ní lè rí ohun tí ó súnmọ́ ọn kedere mọ́. Ọ̀nà ara ni èyí, kò sí ẹni tí kì í dé bá. Nítorí náà bí àgbàlagbà bá ń na ìwé jìnnà sí ojú rẹ̀, tí orí sì ń fọ́ ọ, kí a má ṣe sọ pé orí rẹ̀ kú. Kí a mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń yẹ ojú wò. Awò ojú ìkàwé lásán lè sọ akẹ́kọ̀ọ́ tí a rò pé ó yọ̀dẹ̀ di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ KAN FÚN ÀPẸẸRẸ

Kí olùkọ́ kọ èyí sára pátákó, kí akẹ́kọ̀ọ́ kà á, kí wọ́n dà á kọ, kí wọ́n sì mú un lọ sílé.

Omi fún ọmọ tí ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Omi mímọ́, lítà 1. Ṣúgà, ṣíbí tíì 6 tí a fá orí rẹ̀ dọ́gba. Iyọ̀, ààbọ̀ ṣíbí tíì tí a fá orí rẹ̀ dọ́gba. Po ó pọ̀ títí yóò fi yọ́. Fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Má ṣe dá ọmú dúró. Da èyí tí ó bá kù nù lẹ́yìn wákàtí 24.

Kí olùkọ́ ṣàlàyé pé iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù lè pa ọmọ lára, pé àpò oògùn tí a ń fi omi pò tí ilé ìwòsàn ń fúnni dára ju èyí lọ bí ó bá wà nítòsí, àti pé kí a gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn láìfi àkókò ṣòfò bí ojú rẹ̀ bá jìn sínú, bí kò bá lè mu nǹkan, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ kan yìí, ìyá ti kọ́ kíkà, ó ti kọ́ òǹkà, ó sì ti kọ́ bí a ti ń gba ẹ̀mí là.

Ẹ̀yin ará wa ní Yábàá, Sùúrùlérè àti Múṣin, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ nílò ọgbọ́n yín, ẹ̀yin náà sì nílò ìwé tí wọ́n ń kọ́. Kí ọdún yìí tó parí, ẹ lọ wo géètì ilé-ẹ̀kọ́ tí ó súnmọ́ yín jù lọ, kí ẹ sì béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín.